Ayọ̀ Wà ní Ìsàlẹ̀ Ilé Ìjọsìn

Àbúrò mi, o ní ìjọ Lutheran tó wà nítòsí ilé yín ní Minnesota tutù jù fún ọ. O ní wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n kí ọ káàbọ̀, kálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Mo gbọ́. Àwa tí a dàgbà nínú ìjọ tí ìlù ti ń gbé ènìyàn dìde lórí àga, tí ìyá ìjọ á ti béèrè ọmọ ta ni ọ́ kí o tó wọlé tán, a lè pe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àwọn ọmọ ìran Norway àti Sweden tó kún ìjọ yẹn ní ìkórìíra. Kì í ṣe ìkórìíra. Ojú ló ń tì wọ́n. Onítìjú, iṣẹ́ ni à ń bá a ṣe kí ẹnu rẹ̀ tó là.

Ohun tí mo fẹ́ fi sí ọ létí kò ju èyí lọ: má wá wọn lókè níbi tí dùùrù ti ń dún. Sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, níbi tí ilé ìdáná wà. Ìsìn òkè kì í sábà ju bíi wákàtí kan lọ (tètè dé o, bí wọ́n bá ní aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́sàn-án ni), ṣùgbọ́n bí pásítọ̀ bá ti súre tán, gbogbo wọn á rọ́ lọ sídìí kọfí. Omi ló pọ̀ jù nínú kọfí ọ̀hún, bá wọn mu ún bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ìyá àgbà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ife, dìde, ká ọwọ́ aṣọ rẹ sókè, kí o tẹ̀ lé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ àwo. Má tọrọ àyè. Mú aṣọ ìnuwo, kí o máa nù ún. Ẹni tó kọjú sí àwo kò ní láti wo ojú ẹnikẹ́ni, bóyá ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu wọn. Kí àwo tó tán, wàá ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún, wàá ti mọ ìyá tí ọmọ rẹ̀ kì í pè, wọ́n á sì ti béèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ. Má gé orúkọ náà kúrú fún wọn o. Kọ́ wọn. Ẹni tó lè pe àwọn orúkọ Norway gígùn wọ̀nyẹn á lè pe Olúwafúnmiláyọ̀.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọ̀nà ilé ìdáná yìí sílẹ̀. Ìyàwó Martin Luther fúnra rẹ̀, Katharina von Bora, sísítà tó sá kúrò ní ilé àwọn sísítà ní 1523, tó sì fẹ́ Luther ní 1525, òun ló sọ ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ ní Wittenberg di ilé èrò. Ó ń pọn ọtí bíà, ó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ó ń dáko, ó ń bọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àlejò tí kì í tán nílé. Ìdí tábìlì oúnjẹ ilé náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu Luther sílẹ̀, tó di ìwé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọkọ ni gbogbo ayé ń yìn. Lójú tèmi, ẹni tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n jókòó pẹ́. Luther pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú Kátíkísìmù Kékeré tó kọ ní 1529, nígbà tó ń ṣàlàyé oúnjẹ òòjọ́ tí à ń tọrọ nínú Àdúrà Olúwa, ó ka aṣọ, ilé, ojú ọjọ́ tó dára, ọ̀rẹ́ rere àti aládùúgbò tó ṣeé gbọ́kàn lé mọ́ ọn. Bí o bá ń gba àdúrà yẹn láàárọ̀, ọ̀rẹ́ wà lára ohun tí ò ń tọrọ. Má wá ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n máa ń ṣe àjọjẹ tí kálukú ń gbé ìkòkò tirẹ̀ wá. Wàá bá hotdish níbẹ̀: ẹran lílọ̀, ọbẹ̀ olú inú agolo, pòtétò kéékèèké tí wọ́n tò sórí rẹ̀, tí wọ́n sì yan gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bù ú jẹ, ó dùn ju bó ṣe rí lójú lọ. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni kí ìwọ gbé lọ, kí ata rodo má pọ̀ nínú rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sórí pépà kékeré níwájú rẹ̀ pé ó ta díẹ̀. Àwọn tó ní àwọn kì í jẹ ata gan-an ni wọ́n á bù ú tán. Mọ́ínmọ́ín náà máa ń yá lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gúsí, fi ìyẹn sílẹ̀ di ọdún kejì. Nígbà Lẹ́ǹtì, má jẹ́ kí alẹ́ Ọjọ́rú kọjá ọ. Ọbẹ̀ àti búrẹ́dì lásán ni, lẹ́yìn náà àdúrà ìrọ̀lẹ́ kúkúrú. Èrò kì í pọ̀, àwọn tó bá sì wá kì í kánjú.

Bó bá wá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni àyè rẹ̀ máa yọ fún ọ, lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń rán kúbùsù alábulẹ̀. Ní 1945 ni wọ́n dá Lutheran World Relief sílẹ̀ láti ran àwọn tí ogun tú nílé ní Yúróòpù lọ́wọ́; títí di òní, kúbùsù tí àwọn obìnrin ìjọ rán ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ogun àti àjálù lé kúrò nílé ní orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Ínǹṣì 60 ní fífẹ̀ àti 80 ní gígùn ni wọ́n ń fẹ́. Aṣọ fèrèsé àtijọ́, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣá, kò sí èyí tí wọ́n ń dà nù. Wọ́n á gé e, wọ́n á rán an pọ̀, wọ́n á fi aṣọ tó nípọn há àárín kó lè móoru, wọ́n á wá fi òwú ta kókó káàkiri orí rẹ̀. Bí o kò bá mọ ẹ̀rọ ìránṣọ lò, kókó ni kí o máa ta. Wọ́n á yí tábìlì ká, ọwọ́ ń lọ, ẹnu ń lọ. Kó àjákù àǹkárá tó wà nílé rẹ dání. Mo ti rí àjákù aṣọ ẹbí ìgbéyàwó láàárín aṣọ fèrèsé ìyá àgbà kan, inú mi sì dùn pé ẹnì kan tí n kò ní mọ̀ láéláé máa fi bora.

Òkú nílé ìjọ náà, má sá fún un. Kò ní sí màlúù, kò ní sí aṣọ ẹbí, kò ní sí ẹni tó máa ná owó. Búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ há, kọfí, àkàrà òyìnbó gígé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé àwo oúnjẹ fún olóòkú lọ́jọ́ yẹn, wọn kì í gbàgbé rẹ̀ mọ́. Mọ̀lẹ́bí ló dà.

Bí o bá ní ohùn, wọ ẹgbẹ́ akọrin. Ìwé orin wọn kò ní ṣàjèjì sí ọ tó bí o ṣe rò. Orin ìdúpẹ́ Martin Rinkart tó wà nínú ìwé orin Yorùbá wa, ti wọn ni. Pásítọ̀ Lutheran ni Rinkart ní ìlú Eilenburg ní Jámánì nígbà Ogun Ọgbọ̀n Ọdún. Àjàkálẹ̀ àrùn pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn níbẹ̀ ní 1637, ìyàwó rẹ̀ wà lára wọn, òun náà ló sì ń sin òkú ìlú. Nígbà tí o bá mọ èyí, o ò ní fi ẹnu lásán kọ ọ́ ní Ìkórè mọ́.

Nǹkan kan wà tí ó yẹ kí o béèrè kó tó di ìtìjú. Lutheran kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn ìjọ tó wà lábẹ́ ELCA, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, sábà máa ń gba àlejò tó ti ṣèrìbọmi síbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, obìnrin sì ń ṣe pásítọ̀ láàárín wọn. Àwọn ti Missouri Synod, ẹgbẹ́ mìíràn, máa fẹ́ kí o kọ́kọ́ bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀ kí o tó lọ síbi pẹpẹ, obìnrin kì í sì í ṣe pásítọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wo àkọlé ẹnu ọ̀nà. Bí ojú aláwọ̀ dúdú bá sì ń wù ọ́ rí, àwọn Oromo láti Etiópíà ní ìjọ Lutheran tiwọn ní Minneapolis. Ìjọ Mekane Yesus ti ilé wọn lọ́hùn-ún tóbi ju ELCA fúnra rẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ lutefisk. Bó bá ti di Oṣù Kọkànlá, wọ́n á pè ọ́ síbi àsè rẹ̀. Má bẹ̀rù: ẹbí pańla wa ni, ẹja líle tí wọ́n ń sá gbẹ ní Norway. Àmọ́ dípò kí wọ́n fi ata àti epo sè é, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú omi tó ń ta lára, tó jẹ́ omi eérú láyé àtijọ́, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Wọ́n á tún fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó sè é. Ó ń yọ̀, ó ń gbọ̀n nínú àwo, kò ta, kò sì dùn lọ títí. Ní kí wọ́n bu bọ́tà yíyọ́ sí i dáadáa. Kí ata gígún wà nínú àpò rẹ, kí o sì fi díẹ̀ lọ ẹni tó jókòó tì ọ́.