Gbèdéke àti Àyẹ̀wò Rẹ̀: Ìwé Àlàyé fún Irinṣẹ́ Kékeré kan tí Aṣojú Oníkọ̀ǹpútà ń Lò

Kòkó gbígbẹ tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ bá ju ìdá 8 nínú 100 lọ a máa bu nínú àpò. Èyí tí ọ̀rinrin rẹ̀ kò bá tó ìdá 6 a gbẹ jù, èèpo rẹ̀ a sì máa fọ́ wẹ́wẹ́. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé kí ọ̀rinrin kòkó wà láti 6 dé 8. Kí a mú àgbẹ̀ kan ní Ẹpinmi-Àkókó tí ó kó kòkó rẹ̀ lọ bá alágbàtà ní Ìkàrẹ́. Ẹ̀rọ tí ń wọn ọ̀rinrin fi 8 gan-an hàn. Ṣé alágbàtà yóò gba kòkó náà ni, tàbí yóò ní kí àgbẹ̀ lọ tún un sá? Gbólóhùn náà, “láti 6 dé 8”, kò dá ẹjọ́ yìí. Bí ènìyàn méjì bá ń ná ọjà, wọn yóò jọ sọ ọ́ yé ara wọn. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni a ní kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí a bá kọ fún un ni yóò tẹ̀ lé.

1. Aṣojú àti irinṣẹ́

Aṣojú oníkọ̀ǹpútà ni ètò tí a gbé ka àwòṣe èdè, tí a lè fi èdè ènìyàn rán níṣẹ́, tí yóò sì fúnra rẹ̀ yan irinṣẹ́ tí yóò fi jẹ́ iṣẹ́ náà. Kì í sábà rí inú irinṣẹ́. Orúkọ irinṣẹ́ àti ìwé àlàyé rẹ̀ ni ó ń kà kí ó tó pinnu. Ẹni tí ó bá rò pé irú àyẹ̀wò kékeré báyìí kò yẹ ní ohun tí à ń ṣe irinṣẹ́ fún, kí ó rántí pé ní ọdún 2024, àwọn àwòṣe èdè kan tí òkìkí wọn kàn ń dáhùn pé 9.11 ju 9.9 lọ. Àwòṣe èdè mọ ọ̀rọ̀ í so pọ̀. Ìṣirò kò fi bẹ́ẹ̀ dá a lójú.

Òwe ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Aṣojú lè ṣe bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀: bí a ti rán an ni kí ó jẹ́ ẹ.

2. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni ààlà. Kò dára tó. Pèrègún tí a gbìn sí ààlà oko méjì, ti ta ni? Àìmọ̀ yìí gan-an ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn olóko, kò sì sí ìdí tí a ó fi kó o wọ inú ìṣirò. Gbèdéke sàn jù, nítorí pé ibi tí nǹkan lè dé ni ó ń sọ: gbèdéke ìsàlẹ̀ fún nọ́ńbà tí ó kéré jù lọ, gbèdéke òkè fún èyí tí ó pọ̀ jù lọ.

“Láti … dé …” náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó wà láti ọjọ́ ọjà kan sí èkejì. Ó di márùn-ún nítorí pé a ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn. Ìtàdógún rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: ọjọ́ 17 ni a kà, ọjọ́ 16 ni ó kọjá. Yorùbá a máa ka ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi èdè mìíràn kọ́ ìṣirò lè má ka òpin. Ní Ẹpinmi fúnra rẹ̀, Ẹhuẹun ni èdè abínibí, Yorùbá sì ni ti ọjà àti ti ilé ẹ̀kọ́. Kò yẹ kí òye ìwé àlàyé sinmi lé àṣà ìkà-ọjọ́.

Ó dùn mọ́ni pé èdè Yorùbá ti ní ohun tí ó lè yanjú ọ̀ràn yìí, nínú ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, tó àti jù:

(i) Ó tó 6. (6 wà nínú rẹ̀.)
(ii) Ó ju 6 lọ. (6 kò sí nínú rẹ̀.)
(iii) Kò ju 8 lọ. (8 wà nínú rẹ̀.)
(iv) Kò tó 8. (8 kò sí nínú rẹ̀.)

Kò sí èyí tí ó rúni lójú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí a kò bá ṣáà ti fi bí kún un. “Ó tó bí 6” ti di àfojúdá. Nígbà náà, ìwé àlàyé irinṣẹ́ náà lè lọ báyìí:

“Irinṣẹ́ yìí ń gba nọ́ńbà mẹ́ta: iye, gbèdéke ìsàlẹ̀ àti gbèdéke òkè. Bí iye bá tó gbèdéke ìsàlẹ̀, tí kò sì ju gbèdéke òkè lọ, yóò dáhùn pé BẸ́Ẹ̀ NI. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò dáhùn pé RÁRÁ, yóò sì sọ gbèdéke tí iye náà rú. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í bá ṣe nọ́ńbà, tàbí tí gbèdéke ìsàlẹ̀ bá ju ti òkè lọ, yóò dáhùn pé KÒ ṢE É YẸ̀ WÒ.”

Kòkó àgbẹ̀ wa wọlé.

3. Ìdáhùn kẹta

Àwọn kan yóò fẹ́ yọ ìdáhùn kẹta kúrò. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Nínú ìlànà nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní IEEE 754, tí ó jáde ní ọdún 1985, àmì kan wà fún ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà. Bí a bá bi kọ̀ǹpútà bóyá àmì yìí kéré sí 6, yóò ní irọ́ ni. Bí a bá bi í bóyá ó ju 8 lọ, yóò tún ní irọ́ ni. Ètò tí a bá kọ pé kí ó kọ àwọn méjì wọ̀nyí, kí ó sì gba ìyókù, yóò gba ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà rárá wọlé láìjanpata.

Àìyẹ gbèdéke wò lè jẹ́ olówó ńlá. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Kourou. Ètò inú rẹ̀ fẹ́ ki nọ́ńbà kan bọ inú àyè tí kò lè gba ohun tí ó ju 32,767 lọ. Nọ́ńbà náà tóbi jù bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tí ó yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú. Ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú àáyá, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti fọ́ sí òfurufú.

Gbólóhùn kan ṣì kù tí ó yẹ kí ó wà nínú ìwé àlàyé náà: irinṣẹ́ yìí kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni iye tí a fún un. Bí ẹ̀rọ bá fi 17 hàn, tí ọwọ́ akọ̀wé sì ṣèèṣì tẹ 7, BẸ́Ẹ̀ NI ni irinṣẹ́ yóò dáhùn, kòkó tútù yóò sì wọ inú àpò. Bí a kò bá kọ èyí sílẹ̀, aṣojú lè ka BẸ́Ẹ̀ NI sí ẹ̀rí pé kòkó náà gbẹ.