Ìwọ̀n Oògùn Ibà Ọmọdé

Àṣejù ni baba àṣetẹ́, àánú ni ó sì sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún un nídìí oògùn ọmọdé. Nígbà tí ara ọmọ tuntun, àlejò ayé, bá gbóná janjan lóru, tí ó ń ké tí kò dákẹ́, ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ wí pé ó nawọ́ sí ìgò parasitamọ́ọ̀lù? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni ìgbà tí ibà kò tètè lọ, tí ìyá bu ṣíbí kejì, tí ìyá àgbà tí kò mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sì tún bu ẹ̀kẹta.

Bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni a fi ń mọ ìwọ̀n parasitamọ́ọ̀lù rẹ̀: mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, kí wákàtí 4 sí 6 wà láàárín, kí ó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọ̀sán òun òru. Ọmọ kílò 8 kò gbọdọ̀ gbà ju mílígíráàmù 120 lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó wà nínú mìlílítà 5 irú ìgò ńlá kan tí ó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ìgò kékeré tí a ń kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu sábà máa ń ní 100 nínú mìlílítà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fi ṣíbí ìgò ńlá bù ú ti fún ọmọ ní 500. Ẹ ka ara ìgò, ẹ má sì fi ṣíbí ọbẹ̀ wọn oògùn.

Ẹ̀dọ̀ ni àpọ̀jù parasitamọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń bà jẹ́, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́ pẹ̀lú, bí ọmọ tilẹ̀ ń ṣeré lọ́jọ́ kìíní. Ní ti ibuprofen, oògùn ibà mìíràn, ó ń mú kí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ kíndìnrín fún pọ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ó ń bì, tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí omi ti tán lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò.

Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Láàárín ọdún 2008 sí 2009, nígbà tí májèlé inú omi oògùn eyín pa ọmọ tí ó ju 80 lọ ní Nàìjíríà, àìtọ̀, tí ó ń fi hàn pé kíndìnrín ti bà jẹ́, wà lára àmì tí a rí. Bí ìlédìí bá gbẹ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, tàbí tí ẹ bá fura pé oògùn ti pọ̀jù, ẹ má dúró de àmì mìíràn. Ẹ gbé ọmọ àti ìgò náà lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, nítorí acetylcysteine tí ó ń ṣẹ́gun àpọ̀jù parasitamọ́ọ̀lù máa ń ṣiṣẹ́ jù kí wákàtí 8 tó pé tí ọmọ ti mu àpọ̀jù náà.