Má Jẹ́ Kí Dídán Tàn Ọ́: Yẹ Họ́ọ̀bù Wò Kí O Tó Gun Kẹ̀kẹ́ Tuntun

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Mo gbọ́ pé o ti ra ẹsẹ̀ tuntun sí kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n kí o tó gùn ún jáde, yọ̀ǹda ogún ìṣẹ́jú fún mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo ra tèmi. Owó ni mo fi kọ́ ọ.

Kẹ̀kẹ́ tí mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́ nígbà náà, tuntun ni, ó ń dán gbinrin. Ó kàn ń wúwo lẹ́sẹ̀ mi ni. Mo rò pé bí tuntun ṣe ń ṣe nìyẹn, pé yóò rọ̀ bó bá yá. Kò tíì pé oṣù márùn-ún tí ẹsẹ̀ iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹrẹkẹrẹ. Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa tú u, ó nu gíríìsì ara irin kékeré kan, ó sì nà án sí mi. Ojú irin náà ti dá kòtò wẹ́wẹ́ yípo, bí ojú ẹni tí ìgbóná bá jà. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ti yí i le jù láti ibi tí wọ́n ti tò ó. Ká ní o yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ìbá bá ọ kalẹ́."

Wò ó, họ́ọ̀bù ni àárín ẹsẹ̀, níbi tí gbogbo sípóòkù ti pàdé. Inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ bẹ́ríìnì wà, irin róbótó wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ họ́ọ̀bù iwájú ní 10 lápá kọ̀ọ̀kan. Ti ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ 9 lápá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tóbi ju ti iwájú lọ. Kóònù, irú irin kékeré tí bàbá yẹn nà sí mi, ló tì wọ́n mọ́ ilé wọn, nọ́ọ̀tù kan sì wà lóde rẹ̀ tó ń dì í mú kó má baà yí. Gẹ́gẹ́ bíi gèlè ni ọ̀rọ̀ wọn rí. Bó bá fún jù, orí á máa fọ́ ọ. Bó bá dẹ̀ jù, á tú mọ́ ọ lórí lójú agbo.

Yọ ẹsẹ̀ náà kúrò lára kẹ̀kẹ́. Fi ìka méjì méjì mú orí ọ̀pá irin tó gba àárín rẹ̀ kọjá, kí o yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Má kánjú. Bó bá ń há, tó ń ta ọ́ níka bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ó le jù. Wá mi ọ̀pá náà sókè sódò. Bó bá ń kan gbọn-gbọn, ó dẹ̀ jù. Ìka rẹ yóò mọ̀ ọ́n. Gbà á gbọ́.

Sípánà pẹlẹbẹ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, nítorí èyí tó nípọn kì í wọ ibi kóònù. Iwájú sábà máa ń gba 13, ẹ̀yìn 15. Wá sípánà lásán fún nọ́ọ̀tù. Kọ́kọ́ di kóònù àti nọ́ọ̀tù apá kan pọ̀ gírígírí, kí wọ́n má yẹ̀ mọ́. Lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, apá ibi tí ṣéènì wà ni kí o dì bẹ́ẹ̀, kí o wá máa ṣiṣẹ́ lápá òsì. Tú nọ́ọ̀tù apá kejì, fi ọwọ́ lásán yí kóònù wọlé títí yóò fi kan ọmọ bẹ́ríìnì, kí o dá a padà díẹ̀. Fi sípánà pẹlẹbẹ di kóònù mú kó má yí, kí o sì di nọ́ọ̀tù lé e.

Ibí yìí ló ti máa ń sú ènìyàn: bí nọ́ọ̀tù bá ṣe ń le, ó máa ń ti kóònù wọlé sí i. Ohun tó dáa tẹ́lẹ̀ lè padà le. Tú u, tún un ṣe. Mo máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Àṣírí kan rèé. Bó bá jẹ́ irú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi apá kékeré kan tì pa láìlo sípánà, fi mímì bíńtín sílẹ̀. Bí o bá ti apá náà pa, yóò fún ọ̀pá àárín pọ̀, mímì náà yóò sì lọ. Ṣé o mọ bí a ṣe ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìró bí a bá ń lọ jẹun lóde ìnáwó? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nọ́ọ̀tù ló di ẹsẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, má fi mímì kankan sílẹ̀.

Bí họ́ọ̀bù rẹ bá jẹ́ oníbẹ́ríìnì odidi tí wọ́n ti dé lójú pa, tí kò ní kóònù, fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Wọn kì í yí ìyẹn. Pípààrọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ bó bá gbó.

Dá ẹsẹ̀ padà sára kẹ̀kẹ́, kí o dì í dáadáa. Di ríìmù mú, tì í sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọ́dọ̀ kan gbọn-gbọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí o ti ń gùn ún, tún un yẹ̀ wò.

Paríparí rẹ̀, gbé ẹsẹ̀ iwájú kúrò nílẹ̀, yí i díẹ̀, kí o sì ká ọwọ́ kúrò. Bó bá fẹ́ dúró, ibi tó wúwo jù lára rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ ibi ẹnu tí a ń gbà fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, yóò wá ìsàlẹ̀ lọ. Yóò kọjá, yóò padà, yóò tún kọjá, láìdún, títí yóò fi sinmi fúnra rẹ̀. Bí o bá rí ìyẹn, àbúrò mi, máa gùn ún lọ.