Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ẸMU: BÍ A ṢE Ń SỌ ADÙN RẸ̀

Ẹ̀yin ará wa, oríṣi ẹmu méjì ló wọ́pọ̀ ní Enugu. Ẹmu ọ̀pẹ ni Ìgbò ń pè ní nkwu elu. Ògùrọ̀ ni ngwo. Èyí tí a gbé sọ̀ láàárọ̀ máa ń dùn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìwúkàrà inú rẹ̀ ti ń sọ ṣúgà di ọtí: ó ń hó, ó ń ta lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì, ó ti kan. Ìgbò á ní ó gbara ụka.

Kí a tó rà á, kí a tọ́ ọ wò. Bí a bá ń tà á, bó ṣe rí ni kí a wí. Ẹ má ṣe da ṣúgà sí ẹmu àná kí ẹ pè é ní tuntun. Àlejò ni wá níbí. Orúkọ rere ni ọjà wa.

Ìbéèrè: Báwo ni ẹmu àárọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti àná lẹ́nu?