Ìdènà Iná Nínú Ara Ènìyàn: Àbá Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Kíláàsì Sáyẹ́ǹsì

Ìfáàrà
Bí iná mànàmáná bá mú ènìyàn, ohun tí Yorùbá máa ń sọ ni pé, "Iná gbé e." Gbólóhùn yìí sọ ohun tí ojú rí, kò sọ ohun tó fà á. Ètò Ilé-Ifẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó fi ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ.

Àlàyé Ọ̀rọ̀
Ohun mẹ́ta ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀: agbára tó ń ti iná lọ, tí à ń fi fóòtì wọ̀n, ìṣàn iná, tí à ń fi áńpíà wọ̀n, àti ìdènà, tí à ń fi óòmù wọ̀n. Georg Ohm, ọmọ Jámánì, gbé òfin tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ jáde ní ọdún 1827: bí a bá fi ìdènà pín agbára náà, ìṣàn ni a ó rí.

Ìgbésẹ̀ Ẹ̀kọ́
Ohun èlò ni mítà tí a fi ń wọn ìdènà, èyí tó ń lo bátìrì tirẹ̀ nìkan, omi iyọ̀ díẹ̀ àti aṣọ ìnuwọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, yóò fi ìka kan kan irin wáyà kìíní, yóò sì fi ìka mìíràn ní ọwọ́ kan náà kan ti èkejì. Ẹnìkejì rẹ̀ yóò kọ nọ́ńbà tí mítà gbé jáde sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, yóò ti ìka náà bọ omi iyọ̀, wọn yóò sì tún un wọ̀n. Nọ́ńbà ìdènà yóò já wálẹ̀.

A kò gbọdọ̀ lo iná ilé rárá. Ẹni tó ní ọgbẹ́ lọ́wọ́, tàbí tí ẹ̀rọ ń ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ kópa.

Ìtúpalẹ̀ Àbájáde
Ìdènà ara tí awọ rẹ̀ gbẹ lè tó 100,000 óòmù. Bí awọ bá tutù tàbí tó bó, ó lè já sí 1,000. Iná ilé wa jẹ́ nǹkan bí fóòtì 230. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìwé: mílíáńpíà 2.3 ni ti àkọ́kọ́, 230 ni ti èkejì. Bí ìṣàn bá tó nǹkan bí mílíáńpíà 1, ara yóò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá tó 16, iṣan ọwọ́ lè sún kì débi pé ènìyàn kò ní lè jọ̀wọ́ wáyà. Bí ó bá tó 100, ọkàn lè máa gbọ̀n láìlè ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Síbẹ̀, awọ gbígbẹ kì í ṣe ààbò, nítorí agbára iná ńlá lè la awọ kọjá.

Ìtumọ̀ "iná gbé e" hàn gbangba níhìn-ín: iṣan ẹni náà gan-an ló di wáyà mú. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ gbà á sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa iná kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Ìkádìí
"Má fọwọ́ tutù kan iná" jẹ́ àṣẹ lásán létí ọmọ tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tó bá ti wo bí nọ́ńbà ṣe já wálẹ̀ lójú ara rẹ̀, tó sì lè fi èdè abínibí rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, yóò lè kìlọ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú.