Kí Òjòlá Tó Dé Kíláàsì Wa

Òjòlá tí wọ́n máa gbé wá fún ẹ̀kọ́ Báyọ́lọ́jì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í ṣe èyí tó ń gbé ewúrẹ́ mì. Òjòlá kékeré ni, Python regius lorúkọ ìwé rẹ̀. Kì í sábà gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ, kò sì lóró. Inú ihò eku àti òkìtì ọ̀gán ló ń sá pamọ́ sí. Bí ẹ bá rí i tó ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù, tó fi orí sáàárín, ẹ má sọ pé ó ń sùn. Ẹ̀rù yín ló ń bà á.

Oúnjẹ rẹ̀ ló jẹ mí lógún jù. Eku ló ń jẹ, èyí tí kò tóbi ju ibi tó sanra jù lára òun fúnra rẹ̀ lọ. Èyí tó ti dàgbà lè jẹun lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tiẹ̀ lè kọ oúnjẹ fún oṣù mélòó kan láìṣàìsàn, èmi tí n kò lè fo oúnjẹ ọ̀sán! Àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú kì í ju eku ààyè sí i, torí eku lè fi eyín ya á lára. Èyí tó ti kú, tó ti dì nínú fíríìsà, ni wọ́n ń lò. Wọ́n á jẹ́ kó yọ́, wọ́n á fi omi gbígbóná mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á wá fi ẹ̀mú gígùn nà án sí i.

Kí ló dé tí wọn kò fi ọwọ́ nà án? Ètè òjòlá ní ihò wẹ́wẹ́ tó fi ń mọ ohun tó bá gbóná. Ọwọ́ ènìyàn sì gbóná. Bó bá tún ń rùn bí eku ńkọ́? Torí náà, ká fi ọṣẹ fọwọ́ ká tó fọwọ́ kàn án. Ká tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà, nítorí kòkòrò Salmonella tó máa ń wà lára irú ẹranko bẹ́ẹ̀.

Bó bá ti jẹun, ó kéré tán fún wákàtí 48, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e. Bí wọ́n bá ń gbé e kiri, ó lè bi eku náà jáde, ìyẹn sì lè ṣe é léṣe gan-an. Mo bẹ Tíṣà wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn? Bó bá jẹ́ àná, ká kàn wò ó nínú àpótí. Bákan náà ni bí ojú rẹ̀ bá funfun bíi mílíìkì: awọ ló fẹ́ bọ́, kò ríran dáadáa.

Ẹni tó bá máa gbé e, kó má na ọwọ́ sí i lórí láti òkè bí àṣá. Ẹ̀gbẹ́ ni ká ti wá, ká fi ọwọ́ méjèèjì gbé abẹ́ ara rẹ̀, ká jẹ́ kó máa rìn. Ẹ má fún un pinpin, ẹ má sì gbé e kọ́rùn.

Ẹ̀yin JSS, ejò inú igbó kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Paramọ́lẹ̀ náà sanra, ó lọ́nà lára, oró rẹ̀ sì ń pani. Bẹ́ ẹ bá rí ejò lẹ́yìn kíláàsì, ẹ sún sẹ́yìn, kẹ́ ẹ pe àgbà.

Gbogbo wa kọ́ la lè gbé òjòlá náà lọ́jọ́ kan. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Ẹ lọ fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ Tíṣà Báyọ́lọ́jì kó tó di ọjọ́ Ẹtì.