Orúkọ Tí O Fi Pe Ìwé Náà

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ọdún kejì mi rèé ní yunifásítì, ìmọ̀ ìtàn ni mò ń kọ́. Wọ́n ní ká kọ iṣẹ́ lórí Ogun Kírìjì tí Ìbàdàn bá Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àjọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, jà, orí Google ni mo sì ti kó gbogbo tèmi jọ. Olùkọ́ wa dá a padà. Ó ní gbogbo ohun tí mo kọ, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ló ti wá, kí n lọ sí láíbìrì. Mo lọ. Mo tẹ "Kírìjì" sínú kọ̀ǹpútà kátálọ́ọ̀gì, kò gbé nǹkan kan jáde. Mo ń rìn kiri láàárín àwọn pẹpẹ ìwé títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ojú tì mí láti bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ léèrè. Ṣé láíbìrì wa ni kò níwèé ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n wá?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ó ṣeé ṣe kí o ti kọjá níwájú ìwé tí ò ń wá lọ́jọ́ náà. Orúkọ tí o fi pè é ni kì í ṣe orúkọ tó ń jẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Akíntóyè kọ ìwé kan tí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Kírìjì kò gbọdọ̀ fò dá. Ọdún 1971 ló jáde. Àkọlé rẹ̀ ni Revolution and Power Politics in Yorubaland, 1840–1893. Wo àkọlé yẹn dáadáa: Kírìjì dà níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni The History of the Yorubas tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921. Google a máa wo inú ọ̀rọ̀. Kátálọ́ọ̀gì kì í sábà wò kọjá àkọlé, orúkọ òǹkọ̀wé àti kókó ọ̀rọ̀ tí láíbìrì fún ìwé náà.

Nítorí náà, kí o tó dìde nílé, kọ gbogbo orúkọ tí ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ sílẹ̀: Èkìtìparapọ̀, àwọn jagunjagun wọn Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi, Látòósà tó ṣáájú Ìbàdàn, Yorùbá àti ogun. Tẹ̀ wọ́n láìfi àmì sí i. Tẹ Ekitiparapo papọ̀, kí o tún yà á sí méjì. Ìjẹ̀ṣà lè jẹ́ Ijesha nínú ìwé àtijọ́, Iléṣà lè jẹ́ Ilesha. Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù nìyí.

Tí ọ̀kan bá ti jáde, má gbé e kí o máa sá lọ. Ka kókó ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, kí o fi ìyẹn wá òmíràn. Wo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ní láíbìrì tó ń lo ètò Library of Congress, DT ni ìtàn Áfíríkà, DT515 sì ni Nàìjíríà. Dúró níwájú pẹpẹ yẹn, wo àwọn tó wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ṣùgbọ́n oríkì àwọn jagunjagun náà lè wà lọ́dọ̀ àwọn ìwé èdè, ní PL.

Ní ti ẹnu kan ṣoṣo tí olùkọ́ rẹ wí, òótọ́ ló sọ. Bí ogún ojú òpó bá da ọ̀rọ̀ Johnson kọ, ẹlẹ́rìí kan ṣì ni. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson, ó gbé Ìbàdàn, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n rán níṣẹ́ àlàáfíà kí àdéhùn 1886 tó wáyé. Ohun tó fojú rí ṣe iyebíye. Àmọ́ agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Akíntóyè, ọmọ Èkìtì, máa jẹ́ kí o gbọ́ tòdìkejì. Máa ka àlàyé wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ ojú ìwé rẹ̀. Àwọn lẹ́tà àti ìwé ìjọba tó tọ́ka sí níbẹ̀ ni wàá máa lépa. Ilé Ìtọ́jú Ìwé Ìjọba, ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ló wà, nínú ìlú rẹ níbẹ̀.

Ti ojú tó tì ọ́ ló dùn mí jù. Odidi sáà kan ni èmi náà fi yẹra fún tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì. Ọjọ́ tí mo lajú bi wọ́n, ìyá tó wà níbẹ̀ dìde, ó mú mi lọ síbi pẹpẹ tí mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti ọjọ́ yìí wá. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ nìyẹn, inú wọn sì máa ń dùn sí ẹni tó bá béèrè. Má kàn sọ pé ìwé Kírìjì lò ń wá. Fi ìwé tí o kọ orúkọ wọ̀nyẹn sí hàn wọ́n, kí o sọ èyí tí o ti tẹ̀ tí kò dáhùn.